Àtàǹpàkò: ìbéèrè tí ẹ ń bi mí lórí àwo jáàsì mi àkọ́kọ́, àti ìdáhùn wọn

Láti ìgbà tí àwo yìí ti jáde, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ lọ́jà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti lórí WhatsApp. Mo kó wọn jọ síbí kí n lè dá gbogbo yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú. Àwọn tó ta kókó wà nísàlẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé àwo yín àkọ́kọ́ nìyí? Ṣebí ó pẹ́ tí ẹ ti ń ta gìtá?

Òótọ́ ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta gìtá fún àwọn ẹlòmíràn: akọrin ìjọ, olórin jùjú, àwọn tó ń kọrin ní èdè Ẹ̀gùn, àwọn tó ń fi Faransé kọrin, àwọn tó ń ti Èkó wá ṣe àwo wọn ní Kútọnu. Bí ẹ bá ń gbọ́ rédíò ní Àjàṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọwọ́ mi láì mọ̀ pé èmi ni. Ṣùgbọ́n àwo tí orúkọ mi wà níwájú rẹ̀, èyí ni àkọ́kọ́. Ẹni ọdún 58 ni mí.

Kí ni wọ́n ń pè ní smooth jazz?

Ẹ̀ka kan lára jáàsì ni, Amẹ́ríkà ló ti wá. Èmi a máa pè é ní jáàsì pẹ̀lẹ́. Orin gan-an máa ń dúró gbangba níwájú, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì lè máa fi imú hùn ún lọ sílé. Ìlù rẹ̀ kì í sáré. Ẹni tó bá ń dá lù lè ṣe àrà, àmọ́ kì í rìn jìnnà sí orin kó tó padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, gìtá tàbí sàsófóònù ló máa ń jókòó sípò akọrin.

Wes Montgomery, ọmọ ìlú Indianapolis tí wọ́n bí ní 1923, wà lára àwọn tó la ọ̀nà náà. Ní ọdún mélòó kan ṣáájú ikú rẹ̀ ní 1968, ó ń fi gìtá ta àwọn orin tí ará ìta ti mọ̀ sẹ́nu. George Benson tẹ̀lé e: Breezin' tí ó gbé jáde ní 1976 dé ipò kìn-ín-ní láàárín gbogbo àwo tó ń tà ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe láàárín àwo jáàsì nìkan. Ní 1987, ilé iṣẹ́ rédíò KTWV ní Los Angeles, tí wọ́n ń pè ní The Wave, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irú orin bẹ́ẹ̀ sáfẹ́fẹ́ tọ̀sán tòru. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e, orúkọ smooth jazz sì mọ́ orin yìí lára.

Ta ló ń kọrin nínú àwo yín?

Kò sí ẹni tó ń kọrin. Gìtá ni akọrin. Ẹ má ṣe dúró de ẹnikẹ́ni.

Orin mélòó ló wà níbẹ̀, báwo la sì ṣe lè rí i?

Mẹ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 46. Ó wà lórí YouTube fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ẹni tó bá fẹ́ ní in, mo kó o sínú kílé USB tí a ń kì bọ mọ́tò, 3,000 sẹ́fà, ẹ lè fi MoMo san án. Mo mọ̀ pé ẹ ó máa dà á kọ fún ara yín. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ dà á kọ pẹ̀lú orúkọ àwọn tó bá mi ṣe é. Mo kọ orúkọ gbogbo wọn sínú fáìlì kan níbẹ̀, títí kan ọmọ tó ń bá wa gbé wáyà.

Kí ló dé tí ẹ fi sọ ọ́ ní Àtàǹpàkò?

Àbúrò bàbá mi ló kọ́ mi ní gìtá, ní Sakété. Bí àwọn onígìtá ilé ẹmu ṣe ń ta á ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ayé àwọn atukọ̀ ni òun náà ń ta á: àtàǹpàkò ń rìn lórí okùn ńlá, ìka ìfábẹ̀là ń ta orin lórí okùn tín-ín-rín. Ìka méjì péré, ẹ ó sì rò pé ènìyàn méjì ló jókòó síbẹ̀. Nígbà tí mo dàgbà tí ẹnì kan fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì Wes Montgomery, ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni àtàǹpàkò. Ọkùnrin náà kì í lo ike tí wọ́n fi ń ta okùn. Ẹran ìka ló ń lò, ìyẹn ló fà á tí ohùn gìtá rẹ̀ fi nípọn tó sì rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Wọ́n ní nítorí kí ó má baà dí àwọn aládùúgbò lọ́wọ́ lóru ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹni tó bá ti kọ́ gìtá nínú agbo ilé yóò gba ìtàn yẹn gbọ́ kíákíá.

Ìdí kejì ló sún mọ́ mi jù. Àbúrò bàbá mi yìí kò mọ ìwé. Bí wọ́n bá gbé ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé ẹgbẹ́ wá, yóò ki àtàǹpàkò bọ inú tàdáwà, yóò sì tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa, yóò mú un dúró díẹ̀ kó tó gbé ọwọ́, bí ẹni pé ó ń sọ fún ìwé náà pé òun wà níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí mo ti ṣe, kò sí ibi tí ẹ ti lè rí orúkọ mi. Àwo yìí ni mo fi tẹ̀ka.

Kí gan-an ni iṣẹ́ onígìtá sítúdíò?

Wọ́n á pè ọ́ lálẹ́ pé kí o dé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la. O kò tíì gbọ́ orin náà rí. Tí o bá dé, wọ́n á gbé e fún ọ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, bóyá lẹ́ẹ̀mejì, o ó fi pẹ́ńsù kọ kọ́ọ̀dù rẹ̀ sẹ́yìn ìwé tó bá wà nítòsí. Lẹ́yìn náà o ó wá àyè tí gìtá lè gbà. Kì í ṣe gbogbo orin ló ní àyè, onígìtá tó dára a sì máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó pè é, kódà bó bá máa ná an lówó.

Bí akọrin bá ń kọ, o dákẹ́. Bí ó bá mí, o fi ohùn mẹ́ta dí àlàfo náà, o sì jáde kí ó tó padà. Nígbà mìíràn wọ́n á ní kí o kàn máa fi ọwọ́ bo okùn kí ó máa dún "ṣẹ́kẹ́ ṣẹ́kẹ́" bí agogo kékeré, fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́rin, láì yára, láì falẹ̀. Ìyẹn le ju kí ènìyàn máa dá lù lọ. Mo rí àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn ń fò bí ẹyẹ lórí gìtá, tí wọn kò lè ṣe "ṣẹ́kẹ́" yẹn fún ìṣẹ́jú kan kó dúró ṣinṣin.

Owó rẹ̀, owó iṣẹ́ òòjọ́ ni. Wọ́n á san án fún ọ, o ó sì máa lọ. Bí orin náà bá lókìkí, o gbọ́ ọ nínú táásì bí gbogbo èrò yòókù ṣe gbọ́ ọ.

Kí ló dé tó fi pẹ́ tó báyìí?

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ni ìdí kan. Èkejì ni pé owó sítúdíò pọ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ ara rẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n mi ò ní tan yín: ẹ̀rù ló ju gbogbo wọn lọ. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ bí a ṣe ń dúró sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wúwo bí wọ́n bá ní kó bọ́ síwájú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a gba ohùn sílẹ̀, mo ta orin àkọ́kọ́ tán, olùdarí iṣẹ́ wò mí, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ó dára o. Akọrin dà?" Mo ti fi àyè sílẹ̀ jálẹ̀ orin náà fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. A pa á rẹ́, a sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà àwọn tó ti rìn ọ̀nà yìí pọ̀. Lee Ritenour àti Larry Carlton ń ta gìtá kiri sítúdíò Los Angeles kí ayé tó mọ̀ wọ́n mọ́ àwo tiwọn. Paul Jackson Jr. ti wà nínú Thriller ti Michael Jackson ní 1982, ọdún 1988 ni àwo tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Wọn kò pẹ́ tó èmi, àmọ́ wọ́n jẹ́ kí n mọ̀ pé ilẹ̀kùn náà wà.

Irú gìtá wo lẹ lò?

Gìtá oníná tí inú rẹ̀ ṣófo. Àlòkù ni, Èkó ni mo ti rà á, ó ti tó ogún ọdún. Larry Carlton fẹ́ràn Gibson ES-335 débi pé wọ́n ń pè é ní Mr. 335. Tèmi kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ń dún. Okùn tó nípọn ni mò ń lò, irú èyí tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ yí lára, nítorí pé kì í dún "ṣíínrín" bí ìka bá ń yọ́ lórí rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà Àjàṣẹ́ kì í jẹ́ kí okùn pẹ́, ìpẹtà a máa mú un kíákíá. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ún lẹ́yìn tí ẹ bá ta á tán, lójoojúmọ́. Lionel Loueke, ọmọ Kútọnu tí wọ́n bí ní 1973, tó di ọ̀kan lára àwọn onígìtá tí Herbie Hancock, gbajúmọ̀ atẹdùrù jáàsì, ń gbé kiri ayé, ti sọ ọ́ pé nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ nílé níbí, inú fínígà lòun ń rẹ okùn òun sí kí ó lè tún mọ́, nítorí pé kò sí owó òmíràn. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ju ọjọ́ mélòó kan lọ.

Ṣé orin ilẹ̀ wa kò tó ni, tó fi jẹ́ jáàsì?

Ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n jáàsì kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọmọ àwọn tí wọ́n kó kọjá òkun ló dá a sílẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ará Àjàṣẹ́ ju ẹlòmíràn lọ. Àwọn tó padà wálé láti Brazil kọ́lé síbí, Mọ́ṣáláṣí Ńlá wa sì jọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n rí ní Bahia, òkè rẹ̀, fèrèsé rẹ̀, ọ̀dà rẹ̀. A ti ń kírun nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ló wá burú nínú gìtá tó lọ tó bọ̀?

Ìdí tó jẹ́ ti onígìtá nìyí: nínú jùjú, bí gìtá ṣe dùn tó, akọrin ló ni ìjókòó. Gìtá ń gbè é, ń dá a lóhùn, ń bá ìlù ṣeré. Mo ti gbè fún ìgbà pípẹ́. Jáàsì pẹ̀lẹ́ ló fún mi ní ìjókòó akọrin láì ní kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin. Bẹ́ẹ̀ sì ni jùjú kò kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá fetí sí orin kẹta, ẹ ó gbọ́ gìtá méjì tó ń lọ́ mọ́ra wọn lábẹ́, tí ọ̀kan ń tún ohun kan náà ṣe láì dúró. Ìyẹn kò wá láti Los Angeles.

Wọ́n ní gìtá yín ń sọ̀rọ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ní ibi kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n jókòó sórí rẹ̀ díẹ̀.

Ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ń lò: ìsàlẹ̀, àárín, òkè. Ẹni tó bá sọ pé igba, igbá, igbà, ìgbà, lẹ́tà kan náà ló ń sọ, ohùn ló fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí onídùndún ń lù nìyẹn. Ṣùgbọ́n onídùndún kì í sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó dákẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló ní ohùn kan náà. Gbólóhùn tí etí ti mọ̀ ló ń lò: oríkì, òwe, ìkíni. Etí olùgbọ́ ló ń parí iṣẹ́ náà. Gìtá kò yàtọ̀. Bí mo bá ta ohùn méjì fún yín, ẹ kò lè mọ̀ bóyá igbá ni mo ní lọ́kàn tàbí ọkọ́. Bí mo bá ta ìkíni tí ẹ ń gbọ́ lójoojúmọ́, ẹ ó mọ̀ ọ́n kí n tó parí.

Ọ̀nà tí ohùn fi ń ròkè náà jọra. Onídùndún fi apá fún awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, ojú ìlù le, ohùn ròkè. Onígìtá fi ìka fa okùn, okùn le, ohùn ròkè. Ìlù tàbí okùn, líle ló ń gbé ohùn sókè. Ìdí nìyí tí gìtá fi lè ṣe ohun tí dùrù kò lè ṣe. Ẹ sọ pé "ẹ káàárọ̀" kí ẹ gbọ́ ara yín. Ohùn yín kò fò láti òkè sí ìsàlẹ̀ kó tún fò sókè. Ó yọ́ lọ, ó yọ́ bọ̀. Dùrù gbọ́dọ̀ fò. Gìtá lè yọ́. Okùn tèmi nípọn, kò rọrùn láti fà, nítorí náà ìka ni mo máa ń yọ́ láti orí irin kan sí òmíràn lára ọrùn gìtá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbìyànjú "ẹ káàárọ̀" kó tó jọ ènìyàn. Nígbà tó wá jọ ọ́, kò bá orin mu. Mo yọ ọ́ kúrò.

Èyí tó kù wà ní ìbẹ̀rẹ̀ orin kẹrin. "Ẹ kú ilé" ni. Àárín, òkè, àárín, òkè: re, mí, re, mí. Ẹ lè fi ẹnu yín ta á nísinsìnyí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó wà níbẹ̀. Ìyá kan tó ń ta gàrí ní Ouando gbọ́ ọ lórí fóònù ọmọ rẹ̀, kò gbójú sókè nídìí igbá tó ń wọ̀n, ó kàn dáhùn: "Ẹ káàbọ̀ o." Ọmọ náà ló wá sọ fún mi. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi fún ìgbà díẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò lè ṣe nǹkan mìíràn.

Nínú àwọn orin yòókù, gìtá kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ má wá a. Ẹnì kan ti kọ̀wé sí mi pé òun gbọ́ orúkọ òun nínú orin keje. Inú mi dùn sí i, àmọ́ mi ò fi í síbẹ̀.

Kí ni ohun tó ń dún bí irin nínú orin kejì?

Gìtá ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ Àjògán ní ààfin Àjàṣẹ́ yóò mọ ibi tí mo ń wò. Nínú orin ààfin yẹn wọ́n máa ń lo ọ̀pá irin gígùn tó ní òrùka lára, alounloun ni Ẹ̀gùn ń pè é, òrùka náà ni wọ́n ń gbá lọ gbá bọ̀ lára ọ̀pá. Mi ò gbé ọ̀pá ààfin wọ sítúdíò. Ohun èlò ààfin ni, ó ní àwọn tó ni ín. Mo ki bébà tín-ín-rín sáàárín okùn gìtá, mo sì fi èékánná ta á nítòsí ibi tí okùn pin sí.

Orin karùn-ún, ṣé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni? Ṣé ẹ gba àṣẹ?

Ìyá tó bí mi, ọmọ Kétu ni. Láti kékeré ni mo ti mọ òru Ẹ̀fẹ̀ tó ń ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́: ọjà kún fọ́fọ́, òkùnkùn, ohùn ọkùnrin kan tó ń jáde láti abẹ́ ìbòjú, tó ń kí àwọn ìyá wa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìlú. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ti Benin, Nàìjíríà àti Tógò pa pọ̀ nínú ìwé UNESCO; wọ́n kéde rẹ̀ ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní 2008. Ṣùgbọ́n kí UNESCO tó mọ̀ ọ́n, ó ti ní àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀.

Mi ò mú orin Ẹ̀fẹ̀ kankan. Ohun tí mo mú ni ìṣesí òru náà: bí ohùn kan ṣoṣo ṣe ń dúró nínú òkùnkùn, tí agbo ń dá a lóhùn, tí ó sì ń dúró kí ìdáhùn náà tán pátápátá kó tó tẹ̀síwájú. Gìtá ni ohùn kan ṣoṣo náà, sàsófóònù méjì ni agbo. Kí n tó gba ohùn sílẹ̀, mo gbé e lọ sí Kétu, mo sì jókòó ti àwọn àgbà méjì tó mọ̀ nípa rẹ̀, mo ta á fún wọn lójúkojú. Ọ̀kan ní kí n yọ ibi kan tó sún mọ́ orin gidi jù. Mo yọ ọ́. Ohun tí ẹ ń gbọ́ ni èyí tí wọ́n gbọ́ tí wọ́n sì mi orí sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé kò yẹ kí n fọwọ́ kàn án, mo ń gbọ́, mi ò ní bá a jiyàn.

Ṣé ẹ̀rọ ló lu ìlù?

Ènìyàn ló lu ìlù nínú orin mẹ́jọ. Gángan tó wà nínú orin kẹrin àti ìkẹfà, Adjarra ni wọ́n ti kàn án, ibẹ̀ ni ẹni tó bá ń wá ìlù ní agbègbè wa máa ń lọ. Nínú orin kẹjọ ẹ̀rọ ni, nítorí pé owó ti tán, mi ò sì fẹ́ kí onílù ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún mi. Mo ti ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ènìyàn tó pọ̀ tó láti mọ bó ṣe ń rí lọ́kàn ẹni.

Ẹ dákun, ṣé orin òtẹ́ẹ̀lì kọ́ nìyí? Orin tí wọ́n ń fi dí àlàfo?

Ọ̀pọ̀ smooth jazz ló di bẹ́ẹ̀, mi ò ní sẹ́. Nígbà tí rédíò Amẹ́ríkà rí i pé orin tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ń tà, wọ́n ń bèèrè fún èyí tó tún pẹ̀lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí orin fi di ìrọ̀rí. Ní 2008 ilé iṣẹ́ rédíò tó ń gbé e jáde ní New York pàápàá pa á tì. Ìpẹ̀lẹ́ kọ́ ló bà á jẹ́. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé wọ́n mú gbogbo ibi tó lè dun ènìyàn kúrò nínú rẹ̀.

Ohùn pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ohùn tí kò ní nǹkan láti sọ. Ẹ ronú sí bí ìyá àgbà ṣe máa ń bá ọmọ wí: kì í pariwo, ọmọ náà a sì máa sunkún. Nínú orin kẹfà, ìka mi yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohùn kan jáde tí mi ò pè. Olùdarí iṣẹ́ fẹ́ fi ẹ̀rọ tún un ṣe. Mo ní kó fi sílẹ̀. Orin tí mo ta lẹ́yìn tí a sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, a kò tún un ta. Ẹni tó bá gbé e sí òtẹ́ẹ̀lì, kò burú, bóyá ẹnì kan tó ń dá jẹun níbẹ̀ yóò gbọ́ ọ.

Àwọn tó lo ọwọ́ yín láì kọ orúkọ yín ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní pè wọ́n lẹ́jọ́?

Rárá. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ó yẹ, èmi náà kò sì bèèrè. Ẹnì kan wà tó ṣèlérí fún mi lójú ẹlẹ́rìí pé orúkọ mi yóò wà lẹ́yìn àwo. Àwo jáde, orúkọ ẹni tó ya fọ́tò wà níbẹ̀, tèmi kò sí. Ó dùn mí fún ọdún púpọ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Àwọn Funk Brothers, àwọn olórin sítúdíò tí wọ́n lu ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ilé iṣẹ́ àwo Motown fi lókìkí ní Detroit láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, orúkọ wọn kò sí lẹ́yìn àwo títí di 1971, nígbà tí Marvin Gaye kọ ọ́ sára àwo rẹ̀, What's Going On. Ẹ ronú iye ènìyàn tó ti jó sí ọwọ́ wọn kó tó di ìgbà náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ ṣe ni kí wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀ kí wọ́n tó ta okùn kan: ọjọ́, orúkọ orin, ohun tí o ta nínú rẹ̀, iye owó, ibi tí orúkọ rẹ yóò wà, kí ẹni méjèèjì fọwọ́ sí i. Ojú ìwé kan tó. Òfin ilẹ̀ Benin ti 2006 lórí ẹ̀tọ́ tí ẹni ní lórí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ mọ ẹni tó kọ orin, ó sì mọ ẹni tó fi ọwọ́ tàbí ohùn rẹ̀ gbé e jáde. Ọ́fíìsì BUBEDRA, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ náà ní Benin, wà ní Kútọnu fún un. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi pẹ́ kí n tó lọ, ohun tí mo kábàámọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Èló ló ná yín?

Ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan sẹ́fà, oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi san án. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré la lò ní sítúdíò, nítorí pé mo ti ta gbogbo rẹ̀ nílé títí ọwọ́ fi mọ̀ ọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, àwọn olórin ni mo san án fún, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ gan-an.

Ọmọ mi fẹ́ di onígìtá. Níbo ló ti máa bẹ̀rẹ̀?

Kí ó kọ́kọ́ kọrin. Bí kò bá lè fi ẹnu kọ ohun tó fẹ́ ta, ìka rẹ̀ yóò máa sáré láì mọ ibi tó ń lọ. Kí ó máa ta gìtá fún àwọn tó ń kọrin ní ìjọ tàbí níbi ìnáwó, kí ó kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́. Ẹ má ṣe ra gìtá olówó ńlá fún un lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ bá mi kí i.

Ṣé ẹ ń bọ̀ wá ṣeré ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Kétu?

Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ènìyàn márùn-ún ni wá, a nílò ọkọ̀, iná tó dúró, àti ibi tí ènìyàn lè jókòó. Kò di dandan kí ó jẹ́ gbọ̀ngán. Abẹ́ igi dára, ohùn gìtá fẹ́ràn rẹ̀. Ẹgbẹ́ tàbí agbo ilé tó bá fẹ́ pè wá, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp tó wà nínú kílé náà.

Ṣé ẹ ó wá fi iṣẹ́ sítúdíò sílẹ̀ báyìí?

Rárá o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè mí fún ọmọbìnrin kan tó ń kọrin ìyìn, ohùn rẹ̀ dára, ẹ̀rù sì ń bà á níwájú gbohùngbohùn. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo ń fi ọwọ́ bo okùn, "ṣẹ́kẹ́ ṣẹ́kẹ́", títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀. Kí n tó lọ, mo fà á létí pé kí ó kọ orúkọ gbogbo wa. Ó mú bírò, ó sì bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ tèmi.